Ìdajì Itan Àgbò Tí Baálẹ̀ Ìjámọ̀ Ń Wá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìjámọ̀, tọmọdé tàgbà, onílé àti àlejò, ẹ gbọ́ o!

Kó! Kó! Kókó!

Baálẹ̀ ní kí akéde bi yín ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Níbo ni ìdajì itan àgbò tó kù wà?

Akéde tún béèrè. Níbo ni ìdajì itan àgbò tó kù wà?

Ó dáa. Ẹ máa wo ara yín lójú. Ojúde Baálẹ̀ kún fọ́fọ́ láàárọ̀ yìí, gbogbo yín ló lẹ́nu, gbogbo yín lẹ jẹ ẹran Iléyá, ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè ẹran lọ́wọ́ yín, ẹ di odi.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sún mọ́ agogo.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Baálẹ̀ jẹ iyán. Iyán dára. Ẹ̀fọ́ dára. Ẹran inú ẹ̀fọ́ ni kò dára. Kí oòrùn tó wọ̀, Baálẹ̀ ti wọ ṣáláńgá. Láti ìgbà náà, bó bá jáde, yóò padà. Bó bá padà, yóò búra pé òun kò tún padà mọ́. Yóò sì tún padà. Àwọn ìjòyè tó wá kí i dọ̀bálẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ṣáláńgá, wọ́n ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ o!" Baálẹ̀ ti ń pẹ́ níbẹ̀ ná.

Inú ibẹ̀ ni Baálẹ̀ ti pa àṣẹ tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí. Akéde fi etí ti ilẹ̀kùn. Àṣẹ tó gbọ́ ni yóò ké. Àwọn ohun mìíràn tó gbọ́ níbẹ̀, kò ní í ké wọn.

Nọ́ọ̀sì Títóyè wá láti ilé ìwòsàn wa. Ó wo ojú Baálẹ̀, ó wo inú ìkòkò. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tó mọ́, ó ní kí Baálẹ̀ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹran tó ti bàjẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ní ká dúpẹ́ pé òkèlè tóbi ju ẹran lọ lánàá.

Ta ló se ẹran náà? Mùínátù ni, ìyàwó kékeré Baálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, akéde rí yín. Bẹ́ẹ̀ ni. Mùínátù yìí, ọmọ bíbí inú akéde ni. Ṣùgbọ́n agogo kò bímọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni agogo yóò ṣe wí i.

Mùínátù kúnlẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè, ó ní, "Ìdajì itan àgbò ni Ìyáálé mi gbé fún mi. Ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ilá. Mo ní, Ìyá mi, ẹran yìí mà ti ń rùn. Wọ́n ní kí n fi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́, kí n sì jẹ́ kó hó dáadáa, pé ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀, iná á pa á."

Ìyáálé tó ń wí ni Ìyá Ráṣídì, ìyàwó àgbà Baálẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ fíríìsà ilé Baálẹ̀ wà létí ìró rẹ̀. Ìyá Ráṣídì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà! Ẹ gbọ́ irọ́ bí? Ẹran tí mo gbé fún un ń dán bí ojú ìyàwó tuntun! Ohun tó bù sí i nílé ìdáná, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ akéde ṣá ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ nílé wọn."

Wọ́n ní níbo ni ìdajì kejì wà. Ó ní òun ti fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Wọ́n ní ta lẹ ta lọ́rẹ. Ó ní ọrẹ Iléyá kì í ní orúkọ.

Nítorí náà, ìdájọ́ rèé. Bí a bá rí ìdajì kejì, tí ara rẹ̀ le, tí kò rùn, a jẹ́ pé Mùínátù ló bu nǹkan sí oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Bí a bá rí i, tó sì ń rùn, a jẹ́ pé inú fíríìsà ló ti bàjẹ́, ọwọ́ Mùínátù mọ́. Bí a kò bá sì rí i kí wọ́n tó pe ìrun Mágàríbì ìrọ̀lẹ́ òní, Mùínátù yóò di ẹrù rẹ̀, yóò padà sílé bàbá rẹ̀.

Ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà. Ilé akéde ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi orin sin ọmọ gbà lọ sílé ọkọ, kò yẹ kó fi orúkọ apani gbà á padà.

Ẹni tí ìdajì náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má sè é! Kó má sun ún! Kó má dín in! Kó gbé e wá! Bí ó bá sè é jẹ, yóò ba ikùn ara rẹ̀ jẹ́, yóò sì ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Kó! Kó! Ẹ gbọ́ àṣẹ!

Àṣẹ kìíní. Ẹran tó bá ti ń rùn, ẹ má sè é! Ẹran tó bá ti ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹ má sè é! Ẹran tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ má sè é, àfi bó bá jẹ́ ewé lóòótọ́! Alápatà ti pa ẹran náà lẹ́ẹ̀kan. Kò yẹ kó kú lẹ́ẹ̀kejì kó tó dé ẹnu yín. Ìyà ẹni tó bá rú òfin yìí: yóò ru ìkòkò ọbẹ̀ náà yí ọjà ká, yóò máa ké pé, "Ẹ yà lọ́nà fún òkú!"

Àṣẹ kejì. Fíríìsà tí kò ní iná, àpótí ni. Ẹ jẹ́ kó yé yín. Àpótí ni! Àárọ̀ ọjọ́ Iléyá ni wọ́n mú iná lọ, Iléyá ti di ìtàn, iná kò tíì dé. Ẹni tó bá ṣì ń pe àpótí rẹ̀ ní fíríìsà, aṣọ ni kó kó sínú rẹ̀. Aṣọ náà ni yóò sì máa wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì títí iná yóò fi dé.

Àṣẹ kẹta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "iná á pa á" mọ́ nílùú yìí. Nọ́ọ̀sì ní iná lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n májèlé tí kòkòrò ti tọ̀ sínú ẹran, iná kò rí i pa. Bí olè bá yàgbẹ́ sí pálọ̀ rẹ, tí o sì lé olè lọ, ṣé ìgbẹ́ náà bá a lọ ni? Ìyà ẹni tó bá rú òfin yìí: wọn yóò yọ ilẹ̀kùn ṣáláńgá rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Àṣẹ kẹrin. Iyọ̀, álọ́ọ̀mù, ọsàn wẹ́wẹ́, kọ́rì àti ata rodo kì í ṣe lọ́yà. Wọn kò lè gba ẹran tó ti jẹrà sílẹ̀. Irú ni Baálẹ̀ bínú sí jù lọ. Irú a máa wọnú ọbẹ̀ lọ jẹ́rìí èké, yóò ní òun lòun ń rùn. Láti òní lọ, irú kò gbọdọ̀ dé ìtòsí ìkòkò títí ẹlẹ́rìí méjì yóò fi gbóòórùn ẹran náà lásán. Bí irú bá rú òfin yìí, wọn yóò lé e jáde nílùú.

Àṣẹ karùn-ún. "Ẹ má jẹ́ ká fi ṣòfò" kì í ṣe àdúrà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, tó wá gbé ẹran tó ti bàjẹ́ fún ọmọdé, aláboyún tàbí arúgbó, Nọ́ọ̀sì ní àwọn wọ̀nyí ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń tètè gbé lọ. Baálẹ̀ kò fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀. Olúwarẹ̀ yóò gbé eegun ẹran náà kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ oyè, títí Iléyá mìíràn.

Akéde ń lọ sí Òkè-Ìyeyè. Ẹni tó bá rántí nǹkan, kó sáré tẹ̀ lé agogo.

Kó! Kó! Kókó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ìyeyè! Ẹ ti gbọ́ àṣẹ márààrún láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohùn akéde kì í ṣe ohùn ẹ̀fọn. Níbo ni ìdajì itan àgbò tó kù wà?

Ẹ ṣí ìkòkò! Gbogbo yín, ẹ ṣí i!

Ìkòkò Ìyá Bùlìámínù ni akéde kọ́kọ́ wò. Ọbẹ̀ Iléyá ló wà níbẹ̀. Ó dúdú. Ó ki. Ó ń wo akéde. Akéde ní, ìyá, ọbẹ̀ wo nìyí? Ó ní, "Akéde, ọbẹ̀ tí à ń gbé kaná láàárọ̀, tí à ń gbé kaná lálẹ́, kì í bàjẹ́. Ó ń dàgbà ni." Ará Òkè-Ìyeyè, ẹ má rẹ́rìn-ín! Ìgbà tó bá dàgbà tán, ta ló fẹ́ sin ín? Akéde ti fi ẹfun kọ àgbélébùú sí ara ìkòkò náà. Ìyá Bùlìámínù ní mùsùlùmí ni ìkòkò òun. Akéde ti pa á rẹ́, ó ti fi òṣùpá àti ìràwọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòtò ni yóò gba ọbẹ̀ náà, iyẹ̀pẹ̀ ni yóò sì bo kòtò.

Fíríìsà Tíṣà Adéògún ni akéde wò tẹ̀ lé e. Gbogbo yín mọ Tíṣà. Òun ló kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ìṣirò. Ẹ wá wo ìṣirò inú fíríìsà rẹ̀! Ẹja, ẹran, ìgbín, omi tó ti yọ́ kúrò lára wọn, gbogbo wọn di ọ̀kan. Akéde ní, Tíṣà, ẹ̀yin náà? Tíṣà pe akéde lórúkọ, ó ní, "Múfútáù, lójoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ kó wọn dà nù. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé iná á dé lọ́la." Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ìrètí dára. Ìrètí kì í mú ẹran tutù.

Kì í ṣe itan àgbò ló wà níbẹ̀. Akéde ti tú u dé ìsàlẹ̀. Kò sí itan àgbò.

Kí lẹ wá ń di imú sí? Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́bàá kànga, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ di imú. Akéde kò gbóòórùn nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé áṣáà ti jẹ imú akéde run. Iṣẹ́ agogo kò nílò imú.

Ẹ dúró. Fóònù ń dún. Ẹ dákẹ́! Baálẹ̀ ni.

Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́, akéde ò ní í kí yín bẹ́ẹ̀ mọ́. Akéde wà ní Òkè-Ìyeyè. Rárá o, a kò tíì rí i. Wọ́n ń di imú, Baálẹ̀. Gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni akéde ṣe rò ó! Ẹni tí kò bá ní ẹran nílé, kí ló fẹ́ fi imú dídì ṣe? Ẹ gba omi oníyọ̀ náà mu, Baálẹ̀. Ẹ má tú u dà nù. Akéde gbọ́.

Kó! Kó! Ẹ gbọ́ àṣẹ tuntun!

Àṣẹ kẹfà. Ẹnikẹ́ni tó bá di imú níwájú akéde, ó jẹ̀bi títí wọn yóò fi yẹ ilé rẹ̀ wò. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀! Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Kí gbogbo ènìyàn máa mí bí ọmọlúàbí!

Àṣẹ keje. Àwọn wolé-wolé ìjọba kò wá sí Ìjámọ̀ mọ́. Nítorí náà, Baálẹ̀ ti fi ajá jẹ wolé-wolé. Gbogbo ajá ìlú, ọlọ́wọ̀ ni wọ́n láti ìṣẹ́jú yìí. Ẹni tí ajá bá dì mú, kó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ìbáà ṣe ìjòyè. Ìbáà ṣe Lèmọ́mù. Ìbáà ṣe ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ajá náà. Kò sí ẹni tí àṣẹ yìí yọ sílẹ̀! Kò sí! Ẹni tó bá sọ òkò lu wolé-wolé, wọn yóò dè é mọ́lẹ̀ ní ipò ajá títí di àárọ̀.

Tíṣà Adéògún nawọ́ sókè. Ó ní ajá kì í kọ ẹran tó bàjẹ́, pé báwo ni yóò ṣe dá ẹjọ́. Akéde sọ fún Tíṣà pé a kò ní kí ajá dá ẹjọ́. A ní kó wá olè. Tíṣà tún nawọ́ sókè. Ó ń nàka sí ẹ̀yìn akéde. Akéde ní, Tíṣà, ẹ fi ọwọ́ náà sílẹ̀, àṣẹ kẹfà ń bẹ. Tíṣà fi ọwọ́ sílẹ̀.

Kó! Kó! Kókó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Òro! Oòrùn ti gun orí. Ẹ má sá! Kí ló dé tí ẹ ń sá? Akéde kò tíì ya ẹnu tán, ẹ ti ń ti ilẹ̀kùn! Níbo ni ìdajì itan àgbò tó kù wà?

Ẹ wo bí ìlú ṣe gba àṣẹ. Akéde dá wá sí Òkè-Ìyeyè láàárọ̀. Nísinsìnyí, wolé-wolé mẹ́fà ló sin akéde wá sí Ìdí-Òro. Ajá Tíṣà wà níbẹ̀. Ajá Ìyá Bùlìámínù wà níbẹ̀. Ajá kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé rẹ̀. Wọ́n tò sẹ́yìn akéde, wọ́n ń da itọ́, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀. Eṣinṣin gan-an ti ń sin akéde bí ẹ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí akéde ti gba agogo, wọn kò tíì bu ọlá fún un tó báyìí.

Bàbá Wúlèmọ́tù nìkan ni kò sá. Alápatà ni, imú rẹ̀ ti gbóòórùn ohun tó ju èyí lọ. Ó jókòó lórí pẹpẹ ẹran rẹ̀ tó ṣófo. Akéde ní kó wí tẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Itan àgbò ilé Baálẹ̀, ọwọ́ mi yìí ló gé e sí méjì lọ́jọ́ Iléyá. Apá ìbàdí lọ́tọ̀. Apá orúnkún lọ́tọ̀, mo fi pátákò sílẹ̀ lára rẹ̀ nítorí Ìyá Ráṣídì fẹ́ràn kí àlejò rí pátákò."

Akéde ní, èwo ni Mùínátù sè?

Ó ní, "Eegun ìbàdí ni mo rí nínú ìkòkò nígbà tí wọ́n pè mí. A jẹ́ pé apá orúnkún ni ẹ ń wá, ẹsẹ̀ àgbò pẹ̀lú pátákò. Ẹni tó bá rí i kò lè ṣì í mọ̀." Ó wá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Akéde, ẹ̀yin àti èmi ti ń bá ara wa ṣeré tipẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ti wẹ̀ láàárọ̀ ni?"

Ará Ìdí-Òro, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn fèrèsé, ẹ rẹ́rìn-ín, akéde gbọ́ yín. Akéde wẹ̀. Akéde wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí kò rí oorun sùn. Ọmọ rẹ̀ wà nínú iyàrá kan ní ilé Baálẹ̀, ó ń ká aṣọ. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n nígbà tó wà ní kékeré, ẹ ó mọ̀ pé kì í lè fi irọ́ bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bu ẹja jẹ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ nígbà kan, òun fúnra rẹ̀ ló wá fi ẹnu sọ ọ́ kí ìyá rẹ̀ tó ṣí ìdérí. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ó bu májèlé sọ́bẹ̀.

Agogo, dákẹ́. Agogo kò bímọ.

Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ ṣí ìkòkò! Ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ ń pè ní fíríìsà!

Akéde wọ ilé mọ́kàndínlógún ní Ìdí-Òro. Ó rí orí ẹran. Ó rí ṣàkì tó ti ń rìn. Ó rí ìyá kan tó sá ẹran tó ti jẹrà sórí òrùlé, tó ní oòrùn á tún un ṣe. Ó rí bàbá kan tó fi kọ́rì kun ẹran títí ẹran fi di góòlù, tó ní òórùn náà ti ń lọ. Akéde ní ibo ló ń lọ? Bàbá náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àgbò, orúnkún, pátákò, akéde kò rí i. Kò rí i.

Fóònù ń dún.

Baálẹ̀. Akéde kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni, akéde mọ ohun tí aago wí. Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀, ẹ fún un di ìrun Ìṣáì. Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín yẹn? Ìyá Ráṣídì? Kí ló ní? Ó ní kí akéde máa bọ̀ nílé kó wá lu agogo ìkẹyìn, kó lọ jẹ oúnjẹ rẹ̀?

Akéde gbọ́.

Kó. Kó.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin ará Ìjámọ̀, ojúde Baálẹ̀ nìyí. Ẹ gbọ́ o.

Lèmọ́mù ti ṣe àlùwàlá tán. Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀ létí mọ́ṣáláṣí, ó ń wo ọ̀run. Mùínátù ti jáde. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, lẹ́bàá òpó: báàgì méjì, ẹní kan, ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò sunkún. Ó ń wo akéde.

Akéde béèrè fún ìgbà ìkẹyìn. Níbo ni ìdajì itan àgbò tó kù wà?

Ẹ tún ti di imú! Pẹ̀lú bí àṣẹ kẹfà ṣe le tó! Àwọn ìjòyè di imú. Lèmọ́mù fi etí láwàní dí tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì Títóyè fi aṣọ funfun bo ẹnu. Mùínátù gan-an, ọmọ akéde, fi ìborùn bo imú. Ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo ojúde yìí ni kò di imú. Ìyá Ráṣídì ni. Ó jókòó lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mí bí ẹni tí òórùn náà ti bá gbé pẹ́.

Akéde fẹ́ gbé agogo sókè lu ti ìkẹyìn. Ẹ dákun. Ta ló ń fa akéde lẹ́yìn? Ẹ fi akéde sílẹ̀!

Ajá ni. Wolé-wolé ni. Ajá Tíṣà ti fi eyín di àpò akéde mú. Ìyókù ti yí akéde ká. Ajá tí a kò mọ ilé rẹ̀ ń hu.

Ẹ sọ fún ajá yìí pé àpò akéde kì í ṣe é tú! Ẹ̀yin àlejò tí kò mọ̀, ẹ gbọ́. Ní Ìjámọ̀, akéde kì í gba owó. Oúnjẹ ni ìpín rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkéde, Ìyáálé ilé Baálẹ̀ ni yóò dúró lẹ́yìn akéde, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ìpín bọ inú àpò, tí yóò sì so ó ní kókó. Ẹlòmíràn kì í fi ọwọ́ kàn án. Akéde kò gbọdọ̀ wò ó títí yóò fi lu agogo ìkẹyìn, kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ má baà gba ọkàn rẹ̀ lójú iṣẹ́. Iṣu ló máa ń jẹ́. Ó wúwo láàárọ̀. Akéde rò pé iṣu ni.

Ajá kò gbọ́. Ajá ń fà á.

Tíṣà ń pariwo láti ẹ̀yìn. Kí ló ní? Ó ní, "Àṣẹ keje, Múfútáù! Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu yín ké e! Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń nàka sí i, ẹ ní ẹni tó bá di imú jẹ̀bi!" Bàbá Wúlèmọ́tù ní, "Ẹ tú u, ọ̀rẹ́ mi. Lára yín ló ti ń wá. Gbogbo ìlú ló mọ̀. A kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ akéde lẹ́nu, la ò fi sọ."

Ìbáà ṣe ìjòyè. Ìbáà ṣe Lèmọ́mù. Kò sí ẹni tí àṣẹ yìí yọ sílẹ̀.

Akéde tú àpò.

Ọ̀rá dúdú kan. Ó gbóná. Akéde tú ọ̀rá.

Orúnkún kan. Pátákò kan. Àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀.

Kó! Kó! Kó! Kó! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ayé, ẹ gbọ́ o! Ìdajì itan àgbò tó kù rèé! Ó ń rùn! Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó! Lèmọ́mù, ẹ má tíì pèrun! Ẹ gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, gbogbo yín, àṣẹ kẹfà ti kú! Ó ń rùn! Ó ń rùn! Áṣáà ti jẹ imú akéde, ṣùgbọ́n akéde gbóòórùn èyí, òórùn rẹ̀ dùn bí àdìdùn!

Ìyá Ráṣídì dìde. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé kí n dà á nù ni? Itan àgbò odindi! Mo ní bóyá ìyàwó akéde mọ̀ ọ́n sè ju ọmọ rẹ̀ lọ!"

Baálẹ̀ kan ilẹ̀kùn ṣáláńgá láti inú, gbà, gbà, gbà. Ìyẹn ni pé Baálẹ̀ ti gbọ́.

Ìyá Mùínátù! Ìwọ tí o ti gbé omi kaná nílé de ìpín ọkọ rẹ, sọ omi náà kalẹ̀! Gàrí la ó mu lálẹ́ yìí! Mùínátù, ọmọ mi, gbé ẹrù rẹ padà wọlé.

Ẹran ti wí tẹnu rẹ̀. Agogo ti jẹ́rìí sí i. Ẹni tó gbọ́ kó máa bọ́ sílé, kó lọ gbóòórùn ìkòkò rẹ̀.

Kó!